Orí Keje: Èjìká Lójú Síkáànì

Nínú gbogbo oríkèé ara, kò sí èyí tó ń yí síwá-sẹ́yìn, sókè-sódò tó èjìká. Òun ló ń gbé ọmọ odó sókè fún ẹni tó ń gúnyán ní àdúgbò Ìrẹ̀mọ ní Ilé-Ifẹ̀. Òun ló ń na ọ̀pá gígùn tí wọ́n so dòjé mọ́ lórí sí igi kòkó nínú oko tó yí ìlú náà ká. Àwọn tó ń kun ilé ní Lágere, àwọn onídìrí tí apá wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn tíṣà tó ń kọ̀wé sójú pátákó, èjìká ló ń bọ́ gbogbo wọn. Àmọ́ òmìnira yìí ní gbèsè tó ń san. Orí eegun apá tóbi, ihò tó jókòó sí kò sì jìn. Iṣan tó yí i ká ló dì í mú. Bí kò bá sí i ni, ẹni tó bá na ọwọ́ mú nǹkan lórí àjà, apá rẹ̀ á yẹ̀.

Bí àwọn iṣan yìí bá wá ń ṣàìsàn, orúkọ kan ṣoṣo ni ìrora wọn sábà máa ń jẹ́ nílé: làkúrègbé. Wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á fi Rọ́bù tàbí Àbóníkì ra á, bí kò bá lọ, wọ́n á wá ẹni tó ń to eegun lọ. Ẹni tó bá dé ọsibítù, X-ray ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ yà. Àwòrán á jáde, eegun á mọ́ kedere, dókítà á ní kò sí ohun tó ṣe eegun. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n apá ò tíì gbé, nítorí X-ray kì í fi iṣan hàn dáadáa. Síkáànì ni ẹ̀rọ tó ń fi í hàn, irú èyí tí àwọn aláboyún ti mọ̀ tipẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fi síkáànì mọ ipò tí iṣan èjìká wà ni orí yìí dá lé, pẹ̀lú ohun tí ẹ̀rọ náà lè sọ, ibi tó ti lè ṣini lọ́nà, àti ìlò tí àwọn aláìsàn irú ti Ilé-Ifẹ̀ lè ní fún un.

Iṣan mẹ́rin àti èyí tó bò wọ́n

Ara eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká ni iṣan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di èjìká mú ti bẹ̀rẹ̀, orí eegun apá ni wọ́n sì lọ so mọ́. Supraspinatus wà lókè, òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí apá bá ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Infraspinatus àti teres minor wà lẹ́yìn, àwọn ló ń yí apá síta, irú èyí tí obìnrin ń ṣe nígbà tó bá gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí láti wé gèlè. Subscapularis wà níwájú eegun pẹlẹbẹ náà, láàárín òun àti egungun ìhà. Òun ló ń yí apá sínú, ìyá tó bá mú ọwọ́ lọ sẹ́yìn láti gbá ìdí ọmọ tó pọ̀n mú ń lò ó gan-an. Kí iṣan kọ̀ọ̀kan tó dé ara eegun, ó máa ń di okùn líle tó funfun, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì para pọ̀ bo orí eegun apá.

Deltoid ló bo gbogbo wọn, iṣan ńlá tó fún èjìká ní ìrísí rẹ̀. Láàárín deltoid àti okùn supraspinatus, àpò olómi tín-ín-rín kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Níwájú, okùn gígùn ti iṣan biceps gba inú ihò tóóró kan kọjá lórí eegun apá. Ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà lára, tó lè fi ìka tọ wọ́n láìsí ẹ̀rọ kankan, ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ síkáànì.

Dókítà Ernest Codman ní Boston tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí èjìká ní ọdún 1934. Ọdún gbọọrọ ló ti fi ń ṣàlàyé pé okùn supraspinatus tó já ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìrora tí àwọn èèyàn ń pè ní nǹkan mìíràn. Ìka ọwọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ àti òkú tó ń là wò ló fi rí i. Kò ní ẹ̀rọ tó lè fi han ẹni tó ṣì wà láàyè láìla á.

Bí ìró ṣe ń di àwòrán

Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pírọ́ọ̀bù tí wọ́n ń lò fún èjìká, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń ṣe síkáànì máa ń dì mú, ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 7 sí mílíọ̀nù 15. Ní ọdún 1880, Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú Paris rí i pé àwọn òkúta kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná á jáde lára wọn. Láìpẹ́ wọ́n tún fi hàn pé bí wọ́n bá fi iná sí òkúta náà, yóò súnkì, yóò sì wú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú pírọ́ọ̀bù títí dòní nìyẹn: iná wọlé, ìró jáde, ìró padà, iná jáde. Paul Langevin lo ìmọ̀ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní láti wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ní ọdún 1958, Ian Donald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow gbé àwòrán inú ikùn jáde, ọmọ inú oyún wà lára ohun tí wọ́n fi hàn. Ọdún yẹn kan náà ni Karl Dussik àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí bí ìró ṣe ń kọjá nínú iṣan, okùn iṣan àti kẹrẹkẹ́rẹ́ oríkèé.

Ẹni tó bá ti dúró nísàlẹ̀ àwọn òkè tó yí ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ká, tó sì kígbe, mọ̀ pé ohùn òun á padà wá bá òun, àti pé bí òkè bá ṣe jìnnà tó ni ohùn náà á ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Orí èyí gan-an ni síkáànì dúró lé. Nínú ẹran ara, ìró ń rin nǹkan bí mítà 1,540 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí nǹkan bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 nísàlẹ̀ awọ, àlọ àti àbọ̀ ìró á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, ìyẹn á sì gba nǹkan bí ìdá 39 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ ń ka àkókò yẹn, ó ń sọ ọ́ di jíjìn, ó sì ń fi àmì funfun tàbí dúdú sí ojú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìró tó padà ṣe lágbára sí.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè jèrè lọ́nà méjèèjì níbi yìí. Ìró tó ń gbọ̀n kíákíá ń fi nǹkan kéékèèké hàn, ṣùgbọ́n ó tètè ń rẹ̀ ẹ́. Kì í jìnnà. Ìró tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ń wọlé jìnnà, àwòrán rẹ̀ kì í sì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Lára ẹni tó tínrín, mílíọ̀nù 12 tàbí 15 dára. Lára ẹni tó sanra tàbí tí iṣan rẹ̀ ki, ó di dandan láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nítorí afẹ́fẹ́ sì ni jẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n máa ń pa sára ṣe wà: bí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín awọ àti pírọ́ọ̀bù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìró náà ló máa padà kó tó wọnú ara.

Ojú ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní láti mọ àwọ̀ mẹ́rin. Ojú eegun máa ń funfun bí ìlà tó mú, òjìji dúdú á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi dúdú. Iṣan tó ní ìlera dúdú díẹ̀, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á sì gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn iṣan funfun ju iṣan lọ, fọ́nrán rẹ̀ á tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí.

Nínú yàrá àyẹ̀wò

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí OAUTHC, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975 nígbà tí wọ́n kó àwọn ọsibítù kan pọ̀ sábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, orúkọ tí yunifásítì náà ń jẹ́ nígbà náà. Lára wọn ni ọsibítù tí ìjọ Seventh-day Adventist dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, àti Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹ̀ka tó ń ya àwòrán ara wà níbẹ̀, ẹ̀ka tó ń tọ́jú eegun wà níbẹ̀, àwọn oníṣègùn físíò sì wà níbẹ̀. Nínú yunifásítì fúnra rẹ̀, ẹ̀ka Medical Rehabilitation ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di oníṣègùn físíò. Inú irú ibi báyìí ni síkáànì èjìká ti wúlò jù, níbi tí ẹni tó ya àwòrán, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ abẹ àti ẹni tó máa kọ́ apá láti tún ṣiṣẹ́ lè rí ara wọn sọ̀rọ̀ láìjáde kúrò nínú ọgbà.

Aláìsàn á jókòó lórí àga tí kò ní ẹ̀yìn, èjìká rẹ̀ méjèèjì á wà ní gbangba. Ó yẹ kí wọ́n fi aṣọ bo àyà obìnrin, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ojú ń tì kò ní jẹ́ kí èjìká rẹ̀ rọ̀, iṣan tí kò bá sì rọ̀ kò ṣeé wọ̀n. Okùn biceps ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò, ọwọ́ á wà lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ á ṣí sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó yí apá síta kí subscapularis lè jáde síwájú. Fún supraspinatus, aláìsàn á gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ mú owó nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ìgbọ̀nwọ́ á kọjú sẹ́yìn. Ìdúró yìí ló ń fa okùn náà jáde lábẹ́ eegun tó bò ó. Bí wọn kò bá ṣe é, ìdajì okùn náà lè má hàn rárá. Fún infraspinatus àti teres minor, ọwọ́ á kọjá síwájú àyà, á di èjìká kejì mú, pírọ́ọ̀bù á sì lọ sẹ́yìn.

Kò parí síbẹ̀. Wọ́n á ní kó gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó, kí wọ́n lè rí bóyá okùn iṣan ń rọra wọ abẹ́ eegun tàbí ó ń há. Níbi yìí ni síkáànì ti ṣe ohun tí MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, kì í sábà ṣe: iṣan ń ṣiṣẹ́ lójú ẹni, aláìsàn sì lè sọ pé “ibẹ̀ gan-an ni” ní ìṣẹ́jú tí ìrora bá mú un.

Èjìká méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò. Ẹni tó bá wo èyí tó ń dùn nìkan kò ní òṣùwọ̀n. Iṣan ọ̀dọ́mọkùnrin alágbẹ̀dẹ àti ti ìyá arúgbó ò lè dọ́gba, kò sí nọ́ńbà kan tó bá gbogbo èèyàn mu. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ló ni ọ̀tún àti òsì. Pẹ̀lú ìyẹn náà, wọ́n ní láti bi í ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, torí apá tó ń lu irin láti ogún ọdún á ki ju èkejì lọ láìsí àìsàn kankan.

Bí wọ́n ṣe ń ka iṣan

Nínípọn iṣan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wọ̀n. Ní ọdún 1968, Michio Ikai àti Tetsuo Fukunaga ní Japan fi ìró wọn iṣan apá òkè àwọn èèyàn 245, wọ́n sì fi wé agbára tí wọ́n fi lè fa nǹkan. Wọ́n rí i pé sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan iṣan ń mú agbára tó tó nǹkan bíi kílò 6.3 jáde. Iṣan tó bá ti tínrín ti pàdánù agbára, ìyẹn sì ni ìdí tí wíwọ̀n ọ́n fi ṣe kókó. Ní ọdún 1980, Archie Young àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford lo síkáànì láti wọn bí iṣan itan ṣe ń joro lẹ́yìn ìpalára orúnkún. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ nìyẹn tí àwọn oníṣègùn físíò fi ń wọn èjìká náà.

Wíwọ̀n yìí gba sùúrù. Bí ọwọ́ bá tẹ pírọ́ọ̀bù jù, iṣan á fẹjú, nọ́ńbà á kéré, irọ́ ni ẹ̀rọ á máa pa. Jẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó hàn bí ìlà dúdú láàárín pírọ́ọ̀bù àti awọ. Nígbà náà ni wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ fúyẹ́. Ibi tí wọ́n wọ̀n lónìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n lóṣù tó ń bọ̀, nítorí náà wọ́n ń fi àmì eegun tó ṣeé fọwọ́ bà ṣe òdiwọ̀n, wọ́n á sì kọ jíjìnnà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dára kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì mú ìwọ̀n àárín.

Èkejì ni àwọ̀. Iṣan tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, bóyá nítorí okùn rẹ̀ já tàbí nítorí fọ́nrán ìmọ̀lára (nerve) rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Ọ̀rá náà á jẹ́ kí ó funfun lójú ẹ̀rọ, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á rú, a ò sì ní lè dá okùn àárín rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ní ọdún 1982, Heckmatt, Leeman àti Dubowitz ní Lọ́ńdọ̀nù gbé òṣùwọ̀n ipele mẹ́rin kalẹ̀ fún iṣan àwọn ọmọ tó ní àrùn iṣan. Ní ipele kìíní iṣan wà bó ṣe yẹ. Ní ìkejì ó ti funfun, ṣùgbọ́n ojú eegun abẹ́ rẹ̀ ṣì hàn kedere. Ní ìkẹta ojú eegun ti ń parẹ́. Ní ìkẹrin iṣan funfun gan-an, eegun kò sì hàn rárá. Fún èjìká, Goutallier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ṣe tiwọn ní ọdún 1994 lórí ẹ̀rọ CT, tó ń fi X-ray ya inú ara ní ìpele-ìpele, láti 0 níbi tí kò sí ọ̀rá, dé 4 níbi tí ọ̀rá ti ju iṣan lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ka èyí sí gan-an, torí pé okùn tí wọ́n bá rán mọ́ iṣan tó ti di ọ̀rá kì í sábà fún aláìsàn ní agbára tó ń retí.

Síkáànì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó rọrùn láti fi mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi supraspinatus wé trapezius tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì fi infraspinatus wé deltoid. Bí méjèèjì bá dọ́gba ní àwọ̀, ìròyìn ayọ̀ ni. Bí ti ìsàlẹ̀ bá funfun ju ti òkè lọ dáadáa, ó ti pẹ́ tí ìṣòro ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń yí bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kiri láàárín ọ̀tún àti òsì ti ba ìfiwéra náà jẹ́.

Ibi tó joro tún máa ń tọ́ka sí ibi tí wàhálà ti wá. Bí infraspinatus nìkan ló gbẹ, wọ́n á wá ohun tó ń tẹ fọ́nrán ìmọ̀lára rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn eegun pẹlẹbẹ, ó lè jẹ́ kókó olómi kan. Bí deltoid àti teres minor bá gbẹ pọ̀, fọ́nrán ìmọ̀lára tó yí ọrùn eegun apá ká ni wọ́n á fura sí. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èjìká bá yẹ̀, bí irú èyí tó ń ṣe àwọn tó bá ṣubú lórí ọ̀kadà.

Ibi tí àwòrán ti lè ṣini lọ́nà

Okùn iṣan ní ìwà kan tó ti dójú ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìró kò bá lù ú tààrà, tó fi ẹ̀gbẹ́ lù ú, ìró náà á tàn lọ síbòmíràn, kò ní padà sínú pírọ́ọ̀bù. Okùn tó pé pérépéré á wá dúdú lójú ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó já. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n rọra yí orí pírọ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn. Bí ibi dúdú náà bá di funfun, okùn náà wà níbẹ̀. Bí ó bá dúdú síbẹ̀ láti ìhà méjì, tí omi sì wà níbi tó yẹ kí okùn wà, tàbí tí deltoid ti rì wọ ibi tí kò yẹ kó dé, nígbà náà ni wọ́n tó lè sọ pé ó já.

Ìkejì burú ju èyí lọ, torí pé àwòrán tó tọ̀nà ló ń fà á. Ní ọdún 2006, Ken Yamaguchi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn 588 tí ìrora èjìká kan gbé wá, tí wọ́n sì ṣe síkáànì èjìká méjèèjì fún. Àwọn tí okùn wọn kò já jẹ́ ẹni ọdún 48.7 ní ìdíwọ̀n àárín; àwọn tí ẹ̀gbẹ́ kan já jẹ́ ẹni ọdún 58.7; àwọn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì já jẹ́ ẹni ọdún 67.8. Kí èyí yé akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa: lára ẹgbẹ́ ìkẹyìn yìí, èjìká tí kò dun ẹni náà rárá wà tí okùn rẹ̀ ti já. Ọjọ́ orí ń jẹ okùn èjìká bó ṣe ń jẹ irun. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí okùn tó já lára bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, wọn kò tíì rí ìdí ìrora rẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ apá náà wò, tí wọ́n á gbọ́ ìtàn rẹ̀, tí ohun tí ojú rí á sì bá ohun tí ara sọ mu. Ìwé àbájáde tí dókítà kò fi wé ara aláìsàn ti rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ síbi iṣẹ́ abẹ tí wọn kò nílò.

Ìyẹn kò ní kí síkáànì kéré o. Sharlene Teefey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láti yunifásítì tí Yamaguchi wà ní St. Louis, fi síkáànì àti MRI wé ohun tí iṣẹ́ abẹ rí nínú èjìká 71, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004: ẹ̀rọ méjèèjì tọ̀nà bákan náà, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tó wọ́n tó sì ń fẹ́ iná ní gbogbo ìgbà kò ju ẹ̀rọ tó ṣeé gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lọ lórí ọ̀rọ̀ okùn èjìká, bí ọwọ́ tó dì í mú bá mọṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún ọsibítù ìjọba gbọ́ ọ.

Inú eegun ni síkáànì ò dé. Ní Nàìjíríà tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ sí ju ibikíbi lọ láyé, ọ̀dọ́ tó ní in lè wá pẹ̀lú ìrora èjìká tí iṣan rẹ̀ dára délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló lè ti pa orí eegun apá rẹ̀. Ìró á kan ojú eegun, á padà. Kò ní rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. X-ray tàbí MRI ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, ẹni tó bá fi síkáànì tó mọ́ rán an padà sílé kò ràn án lọ́wọ́.

Àwọn tó ń jókòó sórí àga náà

Àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù wà lára àwọn tí síkáànì lè ṣe lóore jù. Bí apá bá rọ, supraspinatus àti deltoid tó yẹ kó gbé orí eegun sínú ihò á sọ̀, ìwúwo apá fúnra rẹ̀ á sì máa fà á jáde. Ní ilé, tìfẹ́tìfẹ́ ni àwọn ẹbí fi máa ń mú apá tó rọ yẹn láti fa aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí ohun tó ń ba èjìká náà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Síkáànì lè wọn àlàfo tó wà láàárín eegun òkè èjìká àti gọ́ńgọ́ orí eegun apá, ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ àti èyí tó dára, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti ń yọ kí ojú tó rí i. Oníṣègùn físíò á fi ìrọ̀rí tàbí ọ̀já gbé apá náà ró, á sì kọ́ àwọn ará ilé láti máa fi ọwọ́ gba abẹ́ eegun ẹ̀yìn gbé e dìde. Bí wọ́n bá fi àwòrán han ìyàwó tàbí ọmọ aláìsàn, tí wọ́n rí bí eegun ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìtọ́ni náà á wọ̀ wọ́n lára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀ wà nínú ewu èjìká tó ń gan ju ẹlòmíràn lọ. Apá á máa le díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, títí tí kò fi ní lè wọ bùbá fúnra rẹ̀. Níhìn-ín, ohun tí síkáànì kò rí ló ṣe pàtàkì: okùn iṣan pé, iṣan dára, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kó yí apá síta fún àyẹ̀wò subscapularis, apá kò ní yí. Awọ tó so oríkèé náà pọ̀ á ki ju bó ṣe yẹ, omi díẹ̀ sì lè yí okùn biceps ká. Ìtọ́jú irú èjìká yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti okùn tó já. Bí wọ́n bá pe méjèèjì ní làkúrègbé, ẹni kan nínú wọn á ṣe eré ìdárayá tí kò bá a mu.

Ká tún mú àgbẹ̀ kòkó kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé kọjá àyà mọ́ láti ìgbà ìkórè tó kọjá. Síkáànì fi hàn pé okùn supraspinatus já délẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ṣì dúdú bíi ti trapezius, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó ti òsì. Nípò báyìí, iṣẹ́ abẹ ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá fẹ́ ẹ, deltoid àti infraspinatus tí wọ́n ṣì lágbára lè kọ́ láti gbé apá náà. Ká ní iṣan náà ti funfun, tó ti dà bí ọ̀rá, ọ̀rọ̀ rírán okùn ti ń kọjá àsìkò, bí yóò ṣe máa jẹun oko láìfi apá náà na ọ̀pá ni wọ́n á jọ jókòó sọ. Okùn tó já kan náà, ìmọ̀ràn méjì. Ipò tí iṣan wà ló pín wọn níyà, ìdí sì nìyẹn tí ìwé àbájáde tó bá sọ pé “okùn já” nìkan fi jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

Ọwọ́ tó di pírọ́ọ̀bù mú

Ní May 2006, àwọn oníṣègùn físíò láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pàdé ní San Antonio, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí àwọn tó wà nínú iṣẹ́ wọn ṣe lè máa lo síkáànì. Wọ́n ní iṣẹ́ físíò pẹ̀lú rẹ̀ ni láti wo bí iṣan ṣe rí àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti láti fi àwòrán kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa lo iṣan rẹ̀. Fífi orúkọ àrùn sí ohun tí wọ́n rí jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ìmọ̀ àwòrán ara. Ààlà yìí bọ́gbọ́n mu fún Nàìjíríà náà. Aláìsàn tó ń wo infraspinatus tirẹ̀ bó ṣe ń ki lójú ẹ̀rọ nígbà tó bá yí apá síta máa ń tètè mọ iṣan tó yẹ kó lò. Oníṣègùn físíò tó sì rí nǹkan tí kò yé e á dá a padà sọ́dọ̀ dókítà àwòrán.

Èjìká tó dára ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Kí wọ́n wo ti ara wọn, ti ọ̀rẹ́ wọn ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti ẹni tó tínrín àti ti ẹni tó sanra, kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Nígbà tí wọ́n bá sì wá kọ àbájáde, kí wọ́n kọ ọwọ́ tí ẹni náà fi ń ṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ìdúró tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ibi tí wọ́n wọ̀n, nínípọn iṣan ní mílímítà ní ọ̀tún àti òsì, àwọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá fi wé aládùúgbò rẹ̀, ohun tí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe nígbà tí apá ń gbé, àti ibi tí aláìsàn ti pariwo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn tó bá gbé pírọ́ọ̀bù sórí èjìká kan náà á lè mọ̀ bóyá eré ìdárayá ti mú iṣan náà padà tàbí ó ṣì ń joro lọ.